Bàbá Mú Wa Lọ Wo Omi Nínú Òjò

Ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta nínú oṣù kẹfà. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọdún Àjíǹde ni wọ́n ń lọ, tàbí ìgbà Kérésìmesì, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí àwọn ọmọ lè sáré kiri, tí ẹni tó ń ta gúgúrú náà á rí ibi gbé tábìlì rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá wa kò gbà. Ó ní ẹni tó bá lọ wo omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òkúta ló lọ wò. Bí ó ṣe kó gbogbo wa sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba nìyẹn, nínú òjò, àwa àti kúlà ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni ò padà rí jẹ.

Monílọ́lá ni orúkọ mi. Aránṣọ ni mí ní Isikan, ní Àkúrẹ́, aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mo gbà. Ẹni tó bá wà nínú irú ẹbí tèmi, tí ẹnu rẹ̀ ò bá mú, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ àti ìtẹríba pa á ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ wá dá mi lẹ́jọ́.

Tíṣà ni bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí, ọmọ Oǹdó. Jógíráfì ló fi kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Tíṣà Olómi, torí pé lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dé dáadáa, á kó wọn gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ. Wọ́n á rìn létí adágún ńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n á mu omi ìsun tó ń sun lábẹ́ àpáta, wọ́n á wá parí rẹ̀ sí ìdí omi tó ń já láti orí òkè. Àwọn òbí á bínú pé àwọn ọmọ àwọn á gbòtútù. Ọ̀gá ilé-ìwé á kọ ìwé sí i, kò ní fèsì. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ padà, á ní kí olórí kíláàsì ka gbogbo wọn. Ọmọ kan ò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, ó sì máa ń fi yangàn ju ìwé ẹ̀rí èyíkéyìí lọ.

Láti ìgbà tí màmá wa, Agnes, ti kú, òun nìkan ló wà nínú ilé rẹ̀ ní Oǹdó, òun àti ayálégbé kan ní ilé ẹ̀yìn. A rò pé ó ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó gbé kẹ́tù ka iná gáàsì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́tù sì jó di dúdú. A ní ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni ni. Ó tún wá wọ ọkọ̀ ní Oǹdó pé òun ń bọ̀ wá kí wa ní Àkúrẹ́. A retí, retí, a ò rí i. Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti pè wá, ìlú tó wà lókè Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún, pé bàbá kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà àwọn oníṣu, ó ń kọ́ wọn nípa ìkùukùu. Nígbà tí a débẹ̀, ó ní iṣu lòun wá rà. Kò sí iṣu kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bi wá bí a ṣe mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Kọ́láwọlé, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, wá pe ìpàdé. Ọ̀gá ni Kọ́láwọlé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Alágbàká, kò sí ohun tí kì í pe ìpàdé lé lórí. Ó ní kí bàbá kó kúrò ní Oǹdó wá sí ilé òun. Ó ti kun yàrá kan, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ìyàwó rẹ̀, Goodness, ti ra kọ́tìnnì. Bàbá gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé," ó ní. "Kò burú. N óò mú yín lọ wo omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni n óò júwe ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi í hàn mí. Bí mo bá mú yín débẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi títí n óò fi kú. Bí n kò bá mú yín débẹ̀, n óò kó ẹrù mi, n kò ní jiyàn."

Kọ́láwọlé ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kìtán, àbíkẹ́yìn wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ní ó dára, ṣùgbọ́n ká dúró kí òjò lọ ná. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ ìsinmi inú oṣù kẹfà ló mú, ó ní ibẹ̀ á dá, kò ní sí ariwo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a bá a nínú ilé rẹ̀ tí ó ti múra. Ó wọ súwẹ́tà, ó wọ bàtà òjò tó dé orúnkún, agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹwà, kí n má parọ́. Iwájú ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kìtán, torí Kìtán ló ni ọkọ̀. Èmi, Kọ́láwọlé àti Goodness há mọ́ ẹ̀yìn, kúlà ìrẹsì wà lórí itan mi. Mo bi Goodness pé ṣé kò sí ibòmíràn tí a lè gbé e sí ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Aránṣọ, omi ti wọ búùtù." Ọkọ̀ ò tíì kúrò ní Oǹdó tí itan mi ti kú.

Òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá ń sọ̀rọ̀, ó ń fi agbòjò tọ́ka sí òkè, ó ń sọ ibi tí omi orí rẹ̀ ń ṣàn sí. A la Ọ̀wẹnà kọjá. Lẹ́yìn náà a dé oríta kan. Ó ní, "Kìtán, yà sí ọ̀tún."

Oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún yẹn. Ọ̀nà adágún wà lósì, ó mọ́lẹ̀ kedere, afọ́jú á rí i. Mo ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kìtán ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọ̀tún," ó sì yí ọkọ̀ sí òsì.

Bàbá ní, "O ṣeun."

Mo na ọrùn síwájú. Fóònù Kìtán wà nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti ṣí máàpù sójú rẹ̀, ó ti pa ohùn rẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Kọ́láwọlé. Mo rọra bi í pé ṣé ó rí ohun tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe. Ó ranjú mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo jalè.

"Ṣé o fẹ́ ká dójú ti bàbá ni?"

"Ṣebí òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má fi í han òun."

"Monílọ́lá, àgbà ni."

Ẹ gbọ́ ná. Kọ́láwọlé yìí ló fẹ́ kí bàbá wá sí Àkúrẹ́. Òun ló kun yàrá. Bí bàbá bá ṣìnà, òun ló borí. Òun náà ló tún ń bá bàbá wá ọ̀nà. Mo rò ó títí, n kò rí ìdí rẹ̀, àfi àrùn tó ń ṣe gbogbo wa: kò sẹ́ni tó lè wo ojú àgbà kó sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́. Àgbà á wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ báyìí. Bó bá ṣubú tán, a ó kí i pẹ̀lẹ́.

A dé adágún. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì rí i nínú òjò, ó lẹ́wà lóòótọ́, inú bí mi pé ó lẹ́wà. Omi náà lọ salalu, ìkùukùu wà lórí rẹ̀, ọkọ̀ àwọn apẹja so mọ́ èèkàn létí ibẹ̀ láìsí ènìyàn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan yí etí omi ká láàárín koríko tó ga dé ìbàdí. Bàbá ṣíwájú, ó ń rìn bí ọmọdé. Ó fi hàn wá ibi tí omi odò ti wọ inú adágún, ó ṣàlàyé ìdí tí ibì kan fi pupa tí ibì kan fi dúdú, ó ní ká gbọ́ bí àkèré òkè yìí ṣe ń dún yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Bàtà Goodness bọ́ sínú ẹrẹ̀, a wá a títí, ẹyọ kan la rí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn bàbá mi, mo fẹ́ kó borí. Mo fẹ́ kó padà sí ilé rẹ̀ kó lọ máa gbé inú rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n fi èrú gbé e fún un ni, torí kẹ́tù kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ìsun ló kàn. A padà sí títì, bàbá ní ká máa lọ, ká máa lọ, títí Goodness fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń wúkọ́ ní gbogbo oríta tí a bá dé. Bàbá yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ló yẹ kó dúró sílé. Wá oyin lá." Goodness ní ẹ ṣé, sà. A kọjá oríta náà. Kìtán dín eré kù, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹra fún kòtò, kò sí kòtò kankan níbẹ̀.

Ni mo bá rí ọkùnrin kan níwájú tó dúró sínú òjò, ó na imọ̀ ọ̀pẹ sókè bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ìsìnkú. Ó ń fi dá wa dúró. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ìsun lẹ ń lọ? Ẹ ti kọjá rẹ̀ díẹ̀ ni, ẹ padà sẹ́yìn."

Bàbá na ọwọ́. "Kìtán, dúró. Ṣebí mo sọ fún yín pé àyíká ibí ni."

Kọ́láwọlé pàtẹ́wọ́. Mo wò ó. Ó ń wo ojú fèrèsé. N kò níláti bi í ẹni tó pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù tó ní kó wá dúró síbẹ̀. Kódà wọ́n ti ṣán koríko ojú ọ̀nà ìsun náà sílẹ̀ dè wá, ewéko rẹ̀ ṣì tutù.

Omi ìsun yẹn mọ́ gaara, ó tutù débi pé eyín ń ro mí. A fi ọwọ́ bù ú mu. Bàbá dúró lórí òkúta kan, inú rẹ̀ dùn, ó ń wò wá, ó sì ń wo ẹ̀yìn wa níbi tí igbó wà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tó. Ẹ tò," ó ní. Ó nawọ́ sí Kìtán. "Olórí kíláàsì, ka àwọn ọmọ."

Omi ń ṣe wìrìwìrì lábẹ́ àpáta. Mo wo ojú bàbá mi, n kò rí eré níbẹ̀. Kìtán gbé ìka sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, tó ní ìyàwó àti ọmọ ní Ìbàdàn, ó ń nàka sí igbó, ó ń mi orí, ó ń kà.

"Wọ́n pé, sà."

"A pé, sà," Goodness náà ní.

"Ẹ ṣé," ni bàbá wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ṣí agbòjò rẹ̀, ó ń lọ sí ibi ọkọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni kí n sun tàbí kí n gbá Kìtán létí. Mo sì dákẹ́, èmi tí wọ́n ní ẹnu mi mú. Mo ní bó bá ku ẹyọ kan, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ ká lọ sílé.

Ibi tí omi ti ń já láti orí òkè, ọkọ̀ ò débẹ̀. A gbé e sílẹ̀ ní abà kan, a fi ẹsẹ̀ rìn, èmi ni mo tún gbé kúlà ìrẹsì. Òjò ti wá le, ẹnikẹ́ni ò sí lóko. A ń gbọ́ ìró omi náà láti òkèèrè, ó ń hó lókè lápá ọ̀tún wa. Ọ̀nà pín sí méjì lábẹ́ igi àràbà kan. Èyí tó gòkè ló lọ sí ibi tí ìró náà ti ń wá. Bàbá mú èyí tó sọ̀ kalẹ̀.

Goodness wúkọ́. Bàbá ò wẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀," Kọ́láwọlé sọ sí mi létí. "Á rí i fúnra rẹ̀ pé ibẹ̀ kọ́, á padà. A ó ní a kàn fẹ́ rìn ni."

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn, odò ló já sí. Òjò ti kún un. Omi náà pupa, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ, ó ti bo koríko etí rẹ̀. Bàbá dúró létí rẹ̀, ó ń fi ẹnu agbòjò wá nǹkan nínú omi.

"Afárá pákó wà níbí," ó ní. "Omi ló bò ó díẹ̀. Ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú, kí àwọn kékeré wà láàárín." Ó sì ti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi.

Kọ́láwọlé ní, "Bàbá, sà, ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ò rò pé bóyá ká..." Kìtán ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò." Fọ́tò. Omi ti dé orúnkún bàbá, wọ́n ń tẹríba lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ju kúlà ìrẹsì sílẹ̀. Mo di súwẹ́tà rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo fà á, àwa méjèèjì sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró. Ibí kọ́. Kò sí afárá níbẹ̀. Ẹ ti ṣìnà."

"N kò ṣìnà," ó ní.

"Ẹ ṣìnà. Láti àárọ̀ lẹ ti ń ṣìnà. Ẹ ní ká yà sí ọ̀tún, Kìtán yà sí òsì, ó purọ́ fún yín pé ọ̀tún ni. Ọkùnrin onímọ̀ ọ̀pẹ yẹn, Kọ́láwọlé ló pè é. Ikọ́ kankan ò ṣe Goodness. Kò sí àwọn kékeré kankan níbí tí ẹ fẹ́ kó sáàárín. Gbogbo wọn ń tàn yín, èmi náà sì ń wò wọ́n."

"Monílọ́lá." Kọ́láwọlé ti fi ọwọ́ bo orí. "Kúnlẹ̀ kí o bẹ bàbá. Kúnlẹ̀ báyìí."

"Inú ẹrẹ̀ ni mo wà, Kọ́láwọlé. Níbo ni kí n tún kúnlẹ̀ sí?"

Bàbá ò wò mí. Kìtán ló ń wò. Omi òjò ń ṣàn lójú awò rẹ̀, kò nù ún.

"Ọ̀tún tí mo ní kí o yà sí," ó ní, "ọ̀tún lo yà sí?"

Kìtán wo ojú Kọ́láwọlé.

"Mo ń bi ọ́."

"Òsì ni, sà."

"Àwọn ọmọ tí o kà ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kò sí ọmọ kankan, sà. Àwa nìkan ni."

"Mo rí wọn," ni bàbá wí. "Mo rí wọn pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn wọn." Ó wá bi Kọ́láwọlé bóyá ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe báyìí sí òun.

Ìgbà yẹn lèmi náà tó gbọ́ ọ. Kọ́láwọlé ní ó ti tó ọdún kan. Ayálégbé máa ń wọlé wá pa gáàsì lẹ́yìn rẹ̀, kì í sọ fún un. Nígbà tó ka ẹsẹ Bíbélì kan náà léraléra ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ìwé kíkà fún ẹlòmíràn, wọ́n ní kí ohùn rẹ̀ sinmi ni. Àwọn oníṣu Ìta-Ògbólú pàápàá, Kọ́láwọlé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ pé ó ti ná iṣu lọ́wọ́ àwọn lóòótọ́.

"Ẹ fi í ṣe oore," bàbá ní. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. "Ẹ̀rù máa ń bà mí. N kò sọ fún yín. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, màá wo ojú ènìyàn kí n lè mọ̀ bóyá mo ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Gbogbo ojú ló ń sọ fún mi pé ó dára. Mo wá gbà pé ó dára. Ẹ wá ń jẹ́ kí n máa sọnù lójú yín, ẹ sì ń kí mi kú ìrìn."

Kọ́láwọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ yẹn, tòun ti ṣòkòtò funfun. Ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kó dìde. Ó ní òun ti pàdánù, àdéhùn ni àdéhùn, òun á kó ẹrù òun. Kọ́láwọlé ní yàrá ti wà nílẹ̀, sà, kódà lónìí yìí.

"N kò lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ," ni bàbá wí. "Ọ̀dọ̀ Monílọ́lá ni mò ń lọ."

Mo ní mo gbé. Mo sọ ọ́ síta. "Bàbá, yàrá méjì ni mo ní. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló kún ọ̀kan. Ọmọ mi àti ọkọ mi ńkọ́? Kọ́láwọlé ní ilé tó tóbi, ó ní jẹnẹrétọ̀, Goodness mọ oúnjẹ sè."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀," ó ní. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ibí kọ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Irọ́ ni. Tèmi tà lójú ẹsẹ̀, odindi ènìyàn ni wọ́n sì fi san án fún mi. A ò rí omi tó ń já láti orí òkè. A gbọ́ ọ ni, ó ń hó lókè títí a fi padà dé ìdí ọkọ̀. Ìrẹsì ti dà sínú odò.

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí bàbá ti wà lọ́dọ̀ mi ní Isikan. Ó ń ni mí lára, n kò ní fi pamọ́. Á já òwú mi sílẹ̀ kó lè fi ya odò sórí tábìlì. Á dá àwọn ọmọ tó wá wọn aṣọ dúró, á máa kọ́ wọn ní ìkùukùu, ìyá wọn á sì máa dúró dè mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé, Bàbá, ilé ìdáná kọ́ nìyẹn. Bàbá, ẹ ti jẹun. Bàbá, ọjọ́ Ìsinmi kọ́ lòní, ẹ bọ́ kóòtù. Àwọn ará ulé, bí a ṣe ń pe ará ilé níbí, gbọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá mú un lọ bó bá ń dùn yín. Wọn ò wá.

Òun ò bínú. Á bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Màá ní òótọ́ ni, sà. Á mí kanlẹ̀, á sì bọ́ kóòtù náà. Ó ń sùn dáadáa, ó sì ti sanra díẹ̀. Kọ́láwọlé ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ojú ń tì í, ó ń gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún bàbá pé, "Ẹ ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, sà," ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tó bú ọba.

Èyí tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni ti màmá wa. Lọ́jọ́ kan ó jókòó síbi oúnjẹ àárọ̀, ó wò yíká, ó ní, "Agnes ò tíì jí ni?" Mo dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá ohun gbogbo lóhùn. Mo ní, "Bàbá, Màmá ti kú. A ti sin ín ní Oǹdó." N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi di etí tábìlì mú. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni. Ó bi mí bí ó ṣe kú, mo sọ. Ó bi mí bóyá òun wà níbẹ̀, mo ní ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Nígbà tó yá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún béèrè. Ó wá ń béèrè lemọ́lemọ́. Mo pe Kọ́láwọlé lórí fóònù, mo ní ó ti sú mi, èmi ni mo ń pa ìyá wa lákọ̀tun. Ó ní, "Sọ fún un pé ó lọ sí ọjà. Á gbàgbé kó tó di ọ̀sán." Goodness náà gba fóònù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ara yín." Kò burú. Ẹnikẹ́ni tó bá láàánú á sọ pé ọjà ló lọ.

Àná ó tún dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tó dára. Ó ní, "Monílọ́lá, níbo ni ìyá rẹ lọ?" Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọjà ti dé ẹnu mi. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ó ń wo ojú mi, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń wá nǹkan níbẹ̀.

Mo ní, "Ó ti kú, Bàbá."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Mo fa àga fún un. Ó jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì sunkún ìyá mi títí àwọn tó fẹ́ gba aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn.